Láti Stokesay dé Ludlow: Bí A Ṣe Ń Wo Ilé Ọlọ́lá Àtijọ́ àti Ahoro Ilé Olódi

Orí yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi odindi ọjọ́ kan wo ilé àtijọ́ méjì ní Shropshire, lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí ààlà Wales. Èkíní ni Stokesay, ilé ọlọ́lá tí oníṣòwò irun àgùntàn kan kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Wọ́n ti tún un ṣe, òrùlé àti àjà rẹ̀ sì wà títí di òní. Èkejì ni Ludlow, ilé olódi ńlá tí àwọn ọmọ ọba gbé rí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ahoro lẹ́yìn tí ìjọba kó kúrò níbẹ̀ ní 1689. Ọkọ̀ ojú irin kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láàárín méjèèjì. Ẹni tó ń gbé ní Manchester, Cardiff tàbí Birmingham lè lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń ti London bọ̀ náà lè gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kó sun Ludlow mọ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Stokesay. Bí ẹ ò bá mú nǹkan mìíràn nínú orí yìí, ẹ mú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń sáré lọ sí ahoro nítorí pé òun ló tóbi, òun ló sì lókìkí. Wọ́n á rí ògiri, wọ́n á rí koríko, wọ́n á ya fọ́tò díẹ̀, wọ́n á sì jáde láìmọ ohun tí wọ́n wò. Ẹni tó bá ti rí bí ìtí igi ṣe ń wọnú ògiri, tó ti dúró lẹ́bàá ààrò tó wà láàárín gbọ̀ngàn, tó ti gun àtẹ̀gùn onígi tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, yóò mọ iṣẹ́ tí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe nígbà tó bá dé Ludlow.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Bàtà ló ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa, tí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ní ojú tó jinlẹ̀ tó sì ń di ilẹ̀ mú. Òkúta àtẹ̀gùn àtijọ́ ti yọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́, bí ìrì tàbí òjò bá sì kàn án, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ ṣe ń yọ̀. Bàtà gogoro kò yẹ rárá. Yàtọ̀ sí pé ó lè dá ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń gún pákó ilẹ̀ ilé àtijọ́ lójú.

Nípa aṣọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò: ìró gígùn àti agbádá kò bá àtẹ̀gùn oníyípo mu. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tẹ etí ìró ara rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè tẹ̀ ẹ́ fún un. Bí màmá tàbí ìyá àgbà bá wà nínú àwọn tó ń lọ, tí wọn kò sì fẹ́ wọ ṣòkòtò, kí wọ́n wọ síkẹ́ẹ̀tì tí kò kọjá agbede-méjì ojúgun, tàbí kí wọ́n gbádùn ìsàlẹ̀, tó fúnra rẹ̀ pọ̀ tó ohun tí a lè fi wákàtí kan wò. Ẹ mú aṣọ òtútù kan sí i, kódà ní oṣù keje. Inú ilé olókùúta máa ń tutù nígbà tí ìta bá móoru. Aṣọ òjò sàn ju agbòjò lọ, nítorí lórí ilé ìṣọ́, afẹ́fẹ́ á yí agbòjò po, ọwọ́ tó yẹ kó di okùn àtẹ̀gùn mú á sì máa bá a jà.

Ẹ tún mú àwọn nǹkan wọ̀nyí:

– tọ́ọ̀ṣì kékeré, nítorí àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ ṣókùnkùn, fóònù sì yẹ kó wà nínú àpò nígbà tí ẹ bá ń gun òkè;
– awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́, tí ẹ bá ní in. Ohun tó dára jù ní ilé méjèèjì, òkè ló wà;
– tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti tẹ̀ sórí ìwé tàbí tí ẹ ti fi pamọ́ sórí fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ní ìgbèríko;
– omi àti oúnjẹ. Mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì inú kúlà dára, ṣùgbọ́n ìta lórí koríko ni kí ẹ ti jẹ ẹ́, kì í ṣe inú yàrá;
– oògùn tí ẹ ń lò déédéé, pàápàá ti ikọ́ fée àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú báńdéèjì díẹ̀;
– pẹ́ńsù àti ìwé fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá ń ya ohun tó rí á pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tó ń sáré kiri lọ.

Ẹ má mú báàgì ńlá ẹ̀yìn. Nínú àtẹ̀gùn tóóró, báàgì ẹ̀yìn á máa kọlu ògiri, á sì máa ti yín síwájú.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ilé méjèèjì kì í ṣe ti ẹnì kan náà, èyí sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú lẹ́nu ọ̀nà. English Heritage ló ń tọ́jú Stokesay, káàdì ọmọ ẹgbẹ́ wọn sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ludlow jẹ́ ti ìdílé Powis, tó ti ni ín láti 1811. Káàdì English Heritage kò ní ṣílẹ̀kùn ibẹ̀ fún yín, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni ẹ ó rà. Ẹ wo ọjọ́ àti wákàtí tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Nígbà òtútù, ọjọ́ máa ń dín kù. Bí ìjì bá ń jà, ẹ pè wọ́n ní àárọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí wọ́n lè ti ibi tó ga.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láàárín Manchester àti Cardiff máa ń dúró ní Craven Arms, tó súnmọ́ Stokesay, àti ní Ludlow. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dúró ní ibùdó méjèèjì, nítorí náà ẹ wo ètò ọkọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ń ti àríwá bọ̀, Craven Arms ni yóò kọ́kọ́ kàn, ìyẹn sì bá ètò wa mu. Ẹni tó bá ń ti Cardiff bọ̀ á kọjá Ludlow kó tó dé Craven Arms. Kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀. Kó kọjá lọ, kó padà wá lọ́sàn-án. Bí àgbà àti ọmọdé bá jọ ń lọ, Family & Friends Railcard máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó àgbà àti 60% kúrò nínú ti ọmọdé. Fún ìdílé ńlá, ìrìn àjò kan ṣoṣo lè dá owó káàdì náà padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: láti ibùdókọ̀ dé ẹnubodè Stokesay

Láti ibùdókọ̀ Craven Arms sí Stokesay tó máìlì kan, ìrìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fún àgbà. Ẹ ó bá ojú ọ̀nà A49 rìn, ọkọ̀ ńláńlá sì ń sáré níbẹ̀. Ẹ di ọwọ́ ọmọdé mú, kí ẹ jẹ́ kó wà lápá ibi tí kò kọjú sí ọkọ̀, kí ẹ sì tò tẹ̀ léra yín, kí ẹ má tò sí ẹ̀gbẹ́ ara yín. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó wọ takisí.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró níta kí ẹ wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ ó rí yàrà tó ti gbẹ tó yí ilé ká, ilé ìṣọ́ olókùúta ní apá gúúsù, àti èkejì ní apá àríwá tí àjà òkè rẹ̀ jẹ́ igi tó yọ síta kọjá ògiri ìsàlẹ̀. Gbọ̀ngàn wà láàárín wọn pẹ̀lú fèrèsé gíga. Ilé ẹnubodè tó jẹ́ igi gbígbẹ́ ló dé kẹ́yìn, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 1640. Ẹ wo àwòrán Ádámù àti Éfà tí wọ́n gbẹ́ sára igi rẹ̀.

Àwọn fèrèsé ńlá yẹn yẹ ní àkíyèsí. Laurence ti Ludlow, tó kọ́ ilé yìí, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò irun àgùntàn tó lówó jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà ayé rẹ̀. Ó ra ilẹ̀ náà ní 1281, ó sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọba Edward Kìíní ní 1291 láti fi odi yí ilé rẹ̀ ká. Ní 1294, ó bá ọkọ̀ ojú omi tó kó irun àgùntàn rì sínú òkun. Ilé tí ogun ń halẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́ kì í ní fèrèsé tó tó báyẹn. Ilé olówó tó wọ aṣọ jagunjagun ni Stokesay, èyí sì wà lára ìdí tó fi ṣẹ́ kù. Nígbà ogun abẹ́lé ní 1645, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin yí i ká, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsí ìjà ńlá. Odi ìta ni wọ́n wó sílẹ̀, wọ́n fi ilé sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: gbọ̀ngàn

Ẹ wọ gbọ̀ngàn, kí ẹ lọ tààrà sí ibi ààrò tó wà lórí ilẹ̀ láàárín, kí ẹ sì gbójú sókè. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún síbẹ̀, ó kéré tán. Gẹdú tó gbé òrùlé yìí ró wá láti ara igi tí wọ́n gé ní àwọn ọdún 1280. Òrùka inú igi ni àwọn onímọ̀ kà kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí òpó kankan tó ti ilẹ̀ gbọ̀ngàn gòkè lọ gbé e ró. Àwọn igi títẹ̀ ńláńlá jáde láti ara ògiri, wọ́n sì gbé ẹrù òrùlé wá sórí òkúta tó yọ jáde. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé igi kan láti òkè títí dé ibi tó ti fẹ̀yìn ti òkúta. Òkúta tó yọ jáde yẹn ni ẹ ó tún rí ní Ludlow, láìsí igi lórí rẹ̀.

Àwọn gẹdú náà dúdú. Èéfín ààrò ló sọ wọ́n di bẹ́ẹ̀, nítorí gbọ̀ngàn kò ní ojú èéfín onítúùbù.

Láti ibẹ̀, ẹ wo àtẹ̀gùn onígi tó gòkè lọ sí ilé ìṣọ́ àríwá. Àtẹ̀gùn ọ̀rúndún kẹtàlá ni. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì ti jẹ níbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kò sì dọ́gba bíi ti ilé òde òní. Ẹ máa tẹ etí tó súnmọ́ ògiri, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ìpele kan, kí ẹ sì dúró sísàlẹ̀ títí ẹni iwájú yóò fi dé òkè. Ní yàrá ilé ìṣọ́ àríwá, ẹ ó rí bí ìtí igi ṣe wọ inú ògiri lọ láti gbé pákó àjà. Ẹ fi ojú wọn bí àlàfo láàárín ìtí kan àti èkejì ṣe fẹ̀ tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ yà á. Ludlow ni ẹ ó ti lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: yàrá olúwa ilé àti ilé ìṣọ́ gúúsù

Yàrá tí olúwa ilé àti ìyàwó rẹ̀ máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sí kò ṣeé wọ̀ láti inú gbọ̀ngàn. Àtẹ̀gùn ìta ni ẹ ó gbà. Pákó gbígbẹ́ tó yí ààrò rẹ̀ ká jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹ sì lè rí ìyókù ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún tẹ́lẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ wá ihò kékeré méjì tó kọjú sí gbọ̀ngàn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ìsàlẹ̀ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan dúró ní gbọ̀ngàn, kí èkejì wò ó láti òkè. Ẹ má fi ọwọ́ kan pákó náà. Òróró ọwọ́ ènìyàn kan kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́dọọdún ń ba ọ̀dà jẹ́.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé kò sí àga, kò sí ibùsùn, kò sí aṣọ ògiri. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí. Lójú tèmi, ohun tó dára jù lọ ní ilé yìí nìyẹn, nítorí kò sí ohun tí ó bo iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Ẹ rántí pé ilé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkà ni àwọn àgbẹ̀ ń kó pamọ́ sí gbọ̀ngàn, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ sì wà nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́. Obìnrin kan, Frances Stackhouse Acton, ló ké gbàjarè ní àwọn ọdún 1850 pé kí wọ́n tún un ṣe. Ní 1869 ni John Derby Allcroft, oníṣòwò ìbọ̀wọ́, rà á. Owó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà láti wó o kó sì tún un kọ́ bí ó ṣe wù ú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ohun tó ń bàjẹ́ ṣe, ó sì kọ́ ilé tí yóò gbé sí ibòmíràn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpinnu yẹn gidigidi.

Bí ara yín bá le, ẹ gun ilé ìṣọ́ gúúsù dé orí òrùlé. Òfin àtẹ̀gùn oníyípo tí mo fẹ́ sọ yìí kan ibí yìí àti Ludlow pẹ̀lú:

– Ẹ tẹ apá ìta ìgbésẹ̀, níbi tó ti fẹ̀. Apá tó súnmọ́ òpó àárín tóóró débi pé ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbà.
– Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ ṣófo láti di okùn tàbí irin mú nígbà gbogbo.
– Kí ẹ tó wọlé, ẹ ké sókè bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ jáde tán, nítorí kò sí àyè láti yà fún ara ẹni.
– Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé, àgbà ni kó ṣáájú, kí ọmọ máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọmọ bá yọ̀, ara àgbà ni yóò bọ́ sí.
– Bí òyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó sórí ìgbésẹ̀, kí ẹ mí, kí ẹ sì fi ìdí sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ tí a pọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ìlẹ̀kùn àtijọ́ kúrú. Nígbà tí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ láti wọlé, orí tirẹ̀ á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé ọmọ sókè, orí ọmọ á sì kọlu òkúta. Bí ẹ bá gbé ọmọ sí iwájú, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ yín. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ ọwọ́ má gòkè rárá. Kí ẹnì kan dúró tì í nísàlẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ludlow

Ẹ padà sí ibùdókọ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ludlow, kí ẹ sì jẹun kí ẹ tó wọ ilé olódi. Gbàgede ọjà wà níwájú ẹnubodè gan-an. Ní ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí búrẹ́dì, wàràkàṣì àti èso rà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo ló sábà ń fa ìyọ̀ṣubú lọ́sàn-án.

Ìdílé de Lacy ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ludlow ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ti gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ààlà Wales. Àgbàlá ìta gbòòrò púpọ̀, koríko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọjá lọ sórí afárá tó gun yàrà tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, kí ẹ wo òkè ẹnubodè àgbàlá inú: àmì ọlá Elizabeth Kìíní àti ti Sir Henry Sidney wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún 1581. Sidney ni olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Wales àti ààlà rẹ̀ láti ilé yìí. Nígbà tí wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1689, kò sí ẹni tó ní ìdí láti máa tún ilé ṣe mọ́. Wọ́n ká òjé kúrò lórí òrùlé. Bí ilé alámọ̀ ní ìlú wa ṣe máa ń yó wọlẹ̀ tí páànù rẹ̀ bá ti ṣí lọ, bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ògiri yìí láti òkè.

Èyí ló ṣàlàyé ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú orí yìí. Ògiri ilé olódi kì í ṣe òkúta gidi látòkè délẹ̀. Ojú méjì ló ní tí wọ́n to dáadáa, àárín rẹ̀ sì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹfun àti yanrìn pò. Nígbà tí omi bá wọ àárín yẹn, tí òtútù sì sọ ọ́ di yìnyín, yìnyín á fẹ̀, á sì ti òkúta ojú síta díẹ̀díẹ̀. Òkúta kan lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjábọ́, títí ẹnì kan yóò fi gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ má gun ògiri. Ẹ má jókòó lé ògiri kúkúrú tó dà bí bẹ́ǹṣì. Ẹ má dúró sábẹ́ ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti ń dà sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sáré kọjá okùn tí wọ́n fi dínà. Ní 2013, apá kan odi ìlú Ludlow wó lulẹ̀ nítòsí ilé ìjọsìn, ògiri tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń ka ògiri

Ẹ dúró sí àárín àgbàlá inú, kí ẹ kọjú sí àríwá, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá àti àwọn yàrá ọba wà. Ẹ yan ògiri kan ṣoṣo, kí ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ sókè.

Ẹ kọ́kọ́ wá ihò onígun mẹ́rin tó tò ní ìlà kan, tó tóbi, tí àlàfo wọn dọ́gba. Ibẹ̀ ni àjà wà: ìtí igi ló wọ ihò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ rí ní Stokesay. Ẹ ka iye ìlà, ẹ ó mọ iye pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ihò kéékèèké tó fọ́n káàkiri kì í ṣe ti àjà. Àwọn bíríkìlà ló ti igi bọ̀ ọ́ láti dúró lé nígbà iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n á sọ pé ihò ìbọn ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ààrò. Bí ẹ bá rí ààrò tó rọ̀ sókè láìsí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ ti rí yàrá kan. Ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ni ihò ìtí igi wà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìlẹ̀kùn tó ṣí sínú òfìfo, àti fún fèrèsé tó ní ìjókòó òkúta méjì tó kọjú síra. Ihò tóóró tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìpọn ògiri títí dé ìta jẹ́ ti ilé ìgbẹ́.

Ní ìparí, ẹ wo òkè pátápátá fún ìlà tó dàgẹ̀rẹ̀ lára ògiri. Ibẹ̀ ni òrùlé fara kan ògiri. Ẹ fi ọwọ́ fa ìlà náà lójú ọ̀run títí ẹ ó fi rí i bí òrùlé ṣe ga tó, kí ẹ sì fi gẹdú Stokesay sí i lọ́kàn. Ẹ ṣe èyí ní gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré *Comus* tí John Milton kọ, ní 1634. Ilé tó ṣófo yẹn á tún padà di gbọ̀ngàn níwájú yín.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn yàrá tó gba ìtàn ìbànújẹ́ mọ́ra. Ọmọ Edward Kẹrin ń gbé ní Ludlow nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ kàn án ní oṣù kẹrin 1483. Ó kúrò níbẹ̀ láti lọ jọba, wọn kò sì dé e ládé rí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1502, Arthur, àrẹ̀mọ Henry Keje, kú níbí ní ọmọ ọdún 15. Ìyàwó rẹ̀, Catherine ti Aragon, wá di aya àbúrò rẹ̀, Henry Kẹjọ. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó kejì yẹn nínú ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ilé yìí ló ti rí orísun.

Ẹ má jáde láì wo ilé àdúrà Màríà Magdalene. Òun ló dá wà ní àárín àgbàlá, ó rí rìbìtì, ó sì ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Ilé ìjọsìn rìbìtì kò pọ̀ rárá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wọlé, kí ẹ wo àwọn ọrun òkúta kéékèèké tó dà bí ẹnu ọ̀nà, tó yí ìsàlẹ̀ ògiri ká, kí ẹ sì fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Ilé ìṣọ́ ńlá ni kẹ́yìn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, ó sì ṣókùnkùn ní àwọn ibi kan. Bí òjò bá ń rọ̀, bí orúnkún bá ti ń gbọ̀n, tàbí bí ó bá ku ìdajì wákàtí kí wọ́n tì í, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń kánjú sọ̀ kalẹ̀ ni àtẹ̀gùn yẹn máa ń ṣe léṣe.

Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Kíkó ilé púpọ̀ sínú ọjọ́ kan. Wọ́n á fi Shrewsbury kún un, wọ́n á fi Hereford kún un, wọn ò sì ní rí ọ̀kankan wò dáadáa. Méjì ti tó.

Wíwo gbogbo rẹ̀ láti inú fóònù. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò, kí ẹ tó ya fọ́tò. Lórí àtẹ̀gùn àti lórí òrùlé, ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ má sì rìn sẹ́yìn láti lè mú gbogbo ènìyàn wọlé sínú fọ́tò. Dúróònù nílò ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ibẹ̀.

Gbígbé òkúta kékeré lọ sílé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí, àwọn àgbà sì ń rò pé kò ṣe nǹkan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo àwọn ibi báyìí, ó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin 1979 láti lo ẹ̀rọ tí ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ ṣàlàyé fún ọmọ pé ibi tí òkúta wà gan-an wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ń kà.

Kíkọ̀ láti bi òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ yàrá tó ṣókùnkùn lónìí, ibi tó ń yọ̀, àti àtẹ̀gùn tí wọ́n ti. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ẹ má gbé e dìde ní kánkán. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fi aṣọ òtútù bò ó, kí ẹnì kan sáré pe òṣìṣẹ́, kí ẹlòmíràn pe 999, kí ó sì sọ ibi tó wà nínú ilé náà ní pàtó: ilé ìṣọ́ wo, ìpele wo.

Bí wákàtí kan bá ṣẹ́ kù

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá Dinham, kí ẹ kọjá odò Teme, kí ẹ sì gun orí òkè Whitcliffe díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo ilé olódi lórí àpáta rẹ̀, ẹ ó sì lóye ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀. Ọ̀nà náà máa ń ní ẹrẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ gun òkè kó lọ sí ilé ìjọsìn St Laurence, níbi tí àwọn ìjókòó onígi gbígbẹ́ àtijọ́ wà ní àyè ẹgbẹ́ akọrin.

Láti ẹnubodè ilé olódi dé ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ẹ fi ogún sí i tí àgbàlagbà bá wà. Ẹ wo ọkọ̀ tó ṣáájú ọkọ̀ ìkẹyìn, òun ni kí ẹ fi ṣe ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá pàdánù rẹ̀, ọ̀kan ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.